LÁTI ỌJỌ́ KÍLÍNÍKÌ KAN DÉ ÈKEJÌ: FÓÒNÙ ÀTI ÌTỌ́JÚ ÀWỌN TÓ Ń ṢE ARA WỌN LÉṢE

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó, èlé àti èrè ọdún ni ẹ sábà máa ń retí nínú ìwé yìí. A kò ní gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ nílé, tàbí ọmọ-iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí aládùúgbò tó ń dá ronú, ọ̀rọ̀ tòní kàn án. Ó wúwo díẹ̀, àwọn ènìyàn kì í sì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn léṣe nígbà tí ìbànújẹ́ bá pọ̀ jù fún wọn, àti bí àwọn oníṣègùn ṣe ń lo fóònù alágbèéká báyìí láti ràn wọ́n lọ́wọ́ láàárín ìgbà tí wọ́n bá kúrò ní ọsibítù sí ìgbà tí wọ́n á tún padà wá.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí náà, a ò ní dákẹ́. A ó sọ ọ́ bó ṣe rí, láìfi bẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

KÍ NI ṢÍṢE ARA ẸNI LÉṢE?

Ẹni tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe lè má fẹ́ kú rárá. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ fún dókítà pé ohun tí àwọn ń wá ni kí ìdààmú ọkàn náà rọlẹ̀, kí àwọn lè mí. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ìtìjú fi ń dé. Wọn á fi aṣọ bo ibi tó bàjẹ́ lára, wọn á máa dá gbé ẹrù náà, ìdààmú náà á sì tún padà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọdé tó wà láàárín ọdún 12 sí 20 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà náà ń ṣe é.

Kì í ṣe pé orí ẹni náà dàrú. Kì í ṣe àfojúdi sí òbí. A ò sì gbọ́dọ̀ sáré sọ pé ọwọ́ ayé ni. Àmì pé ìrora ọkàn ti kọjá ohun tí ẹni náà mọ bí yóò ṣe gbé ni. Àmọ́ ewu ńlá wà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá ti ṣe ara rẹ̀ léṣe rí sún mọ́ ewu gbígba ẹ̀mí ara rẹ̀ ju ẹni tí kò ṣe é rí lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021 nìkan, ó lé ní 720,000 ènìyàn tó gba ẹ̀mí ara wọn káàkiri ayé. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ ọdún 15 sí 29, òun ló ṣe ipò kẹta nínú ohun tó ń pa wọ́n. Nínú gbogbo 100 tó bá kú bẹ́ẹ̀, 73 ló wà ní àwọn ilẹ̀ tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, irú bíi tiwa. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan.

ÌTỌ́JÚ LÁTI ILÉ WÁ

Bí wọ́n bá dárúkọ ọsibítù ọpọlọ, ilẹ̀kùn irin àti ọgbà gíga ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ìtọ́jú kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Aláìsàn á ti ilé rẹ̀ wá, á rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, á sọ tinú rẹ̀, á sì padà sílé lọ sùn.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò tí gbogbo ayé wá wò. Dípò kí wọ́n ti àwọn aláìsàn mọ́lé, wọ́n fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí ọsibítù náà ká. Olúkúlùkù mú ìbátan kan lọ́wọ́, bóyá ìyá, bóyá ẹ̀gbọ́n. Ìbátan yìí ni yóò máa dáná, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò sì máa mú aláìsàn lọ gba ìtọ́jú. Láàárín ènìyàn ni aláìsàn ń gbé, ó ń gbọ́ èdè rẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ ilé. Lámbò mọ ohun kan tí àwa ọlọ́jà náà mọ̀: àárín ènìyàn ni ara ti ń yá.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìṣòro wà nìyí. Ní Arò láyé ìgbà náà, ìbátan ń bẹ nítòsí tọ̀sán tòru. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ti ilé wá gba ìtọ́jú ló ń dá gbé yàrá, tàbí kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí 168. Bí aláìsàn bá lo wákàtí kan lọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀, 167 tó kù ńkọ́? Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ ní agogo méjì òru, nígbà tí kílíníkì ti tì, tí gbogbo ilé ti sùn, tí ọkàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná? Ìbéèrè yìí ló bí lílo fóònù.

KÁÀDÌ BÍI TI ALÁJỌ

Kí fóònù tó dé, ìwé ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é jù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Marsha Linehan ti Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà. Obìnrin yìí mọ ohun tó ń sọ. Ní ọdún 2011, ó jáde sọ fún gbogbo ayé pé nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún 17, lọ́dún 1961, wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù nítorí pé òun ń ṣe ara òun léṣe, àti pé ó lé ní ọdún méjì kí òun tó jáde níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó kàwé, ó di onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, ó sì dá irú ìtọ́jú kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DBT. Ní ọdún 1991, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí jáde: àwọn obìnrin tó gba ìtọ́jú náà kò ṣe ara wọn léṣe tó àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n máa ń rí gbà tẹ́lẹ̀.

Nínú ìtọ́jú yìí, aláìsàn ní káàdì kan tó ń kọ nǹkan sí lójoojúmọ́: báwo ni ọkàn mi ti rí lónìí? Ṣé ó ṣe mí bíi kí n ṣe ara mi léṣe? Báwo ni agbára rẹ̀ ti tó? Kí ni mo ṣe dípò rẹ̀? Tó bá dé kílíníkì, òun àti olùtọ́jú rẹ̀ á jọ wo káàdì náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ wo káàdì alájọ. Ojúmọ́ kan, àmì kan. Àmì kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí, tí ẹ tẹ́ káàdì náà sílẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ọjà ti dùn àti ibi tí òjò ti lé yín kúrò ní ìsọ̀. Ẹ ó rí i pé ọjọ́ báyìí báyìí ni ọwọ́ máa ń dí. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì ti aláìsàn. Ẹni tó rò pé ìgbàkúùgbà ni ìdààmú òun ń dé lè wá rí i pé alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, nígbà tí ilé-ìwé ń bọ̀ lọ́la, tàbí pé lẹ́yìn ìjà bàbá àti ìyá ni. Ohun tí a bá ti mọ ìgbà tó ń bọ̀, a lè múra dè é.

Ìṣòro káàdì bébà ni pé ó ń sọ nù, ó ń ya, ọmọ ìyá ẹni lè rí i kà, ẹlòmíràn sì máa ń dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ kílíníkì kó tó jókòó kọ ti ọ̀sẹ̀ odindi láti inú orí. Fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ ọ̀dọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé káàdì náà sórí fóònù.

ÁÀPÙ KAN LÁTI ÌLÚ ÒYÌNBÓ

Áàpù ni àwọn ọmọ wa ń pe ètò tí a ń gbé sórí fóònù láti fi ṣe iṣẹ́ kan pàtó, bí irú èyí tí ẹ fi ń fi owó ránṣẹ́ ní báńkì. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni BlueIce. Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Stallard ti Yunifásítì Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú nínú iṣẹ́ náà, pẹ̀lú àwọn ọsibítù ìjọba ní agbègbè Oxford. Ohun tó wù wá níbẹ̀ ni pé wọn kò dá ṣe é. Wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ṣe ara wọn léṣe rí, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì jọ ṣe é ni. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ọ̀dọ́ tó ń ti ilé wá gba ìtọ́jú ni olùtọ́jú rẹ̀ máa ń fún ní áàpù náà. Nọ́ńbà àṣírí ló fi ń ṣí i, kí ẹlòmíràn má baà wọ inú rẹ̀. Ojoojúmọ́, á fi àmì sí bí ọkàn rẹ̀ ti rí, á sì kọ ìdí rẹ̀ tó bá fẹ́. Bí ọkàn bá gbòdì, áàpù náà á kó àwọn nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ ti tò sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá jáde fún un: orin tó fẹ́ràn, àwòrán àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ọjọ́ ayọ̀, eré ìdárayá, bí èèyàn ṣe ń mí díẹ̀díẹ̀ kí ara rọlẹ̀, àti bí èèyàn ṣe lè bá èrò burúkú jiyàn dípò kó gbà á gbọ́. Nígbà tó bá ṣe èyíkéyìí tán, áàpù náà á bi í bóyá ó ṣì ń ṣe é bíi kó ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á gbé e lọ sí orí nọ́ńbà àwọn tó lè pè lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan o: nígbà tí ara dá ni wọ́n ń tò ó sílẹ̀. Ẹni tí ìdààmú bá ti gbé kì í rántí ohun tó ń mú inú rẹ̀ dùn. Ó dà bíi pé kò sí rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ dè é, bí a ti ń tọ́jú owó pamọ́ nígbà ọjà dídùn de ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ṣé ó sì ṣiṣẹ́? Ní ọdún 2018 wọ́n gbé èsì àkọ́kọ́ jáde. Ọ̀dọ́ 44, láti ọmọ ọdún 12 sí 17, ni wọ́n fún ní áàpù náà láti kọ́kọ́ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú wọn, 40 ló ní àwọn fẹ́ máa lò ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nínú àwọn tí wọ́n ti ń ṣe ara wọn léṣe láìpẹ́ sí ìgbà náà, bíi 73 nínú 100 ló sọ pé ó ti dín kù tàbí pé àwọn ti jáwọ́. Ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ wọn náà dín kù.

Ṣùgbọ́n àwa ọlọ́jà kì í fi ẹ̀rí ẹnìkan ra ọjà. Ní ìwádìí yẹn, gbogbo wọn ló lo áàpù, kò sí ẹni tí a lè fi wọ́n wé. Nítorí náà wọ́n ṣe òmíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2024. Wọ́n pín àwọn ọ̀dọ́ sí ọ̀nà méjì láìmọ ẹni tí yóò bọ́ síbo: apá kan gba ìtọ́jú kílíníkì nìkan, apá kejì gba ìtọ́jú kílíníkì pẹ̀lú áàpù. Apá méjèèjì ló sàn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ní áàpù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí kò ní nínú iye ìgbà tí wọ́n ṣe ara wọn léṣe. Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ènìyàn tó jókòó tì wọ́n, tó ń gbọ́ wọn, ni òpó ilé. Áàpù jẹ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀ lásán. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́ ilé.

ÌGBÌ TÓ DÌDE YÓÒ RỌLẸ̀

Áàpù mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Calm Harm. Dókítà Nihara Krause ló ṣe é fún ẹgbẹ́ àánú kan tó ń jẹ́ stem4 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni, orí ẹ̀kọ́ Linehan tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló sì dúró lé. Ohun tó fi ń kọ́ni rọrùn. Ìfẹ́ láti ṣe ara ẹni léṣe dà bí ìgbì omi. Á ru sókè, á dé góńgó, á sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ tí a kò bá tẹ̀ lé e. Áàpù náà á fún èèyàn ní nǹkan ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí 15, títí ìgbì náà á fi kọjá: nǹkan tí ń tu ni nínú, nǹkan tí ń gba ọkàn kúrò, tàbí mímí díẹ̀díẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún! Ẹ lè ní kí ni ìyẹn já mọ́. Ẹni tó bá ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú nígbà tí afẹ́fẹ́ ń jà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìrìn-àjò ló léwu. Ìgbà tí omi bá ru nìkan ni. Bí awakọ̀ bá mú ọkọ̀ dúró dáadáa la ìgbà náà já, ọkọ̀ á gúnlẹ̀. Ẹni tó bá la ìṣẹ́jú márùn-ún já lónìí ti mọ̀ pé ó ṣeé là já. Lọ́la á tún là á já. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ẹ MÁ FI FÓÒNÙ ṢE DÓKÍTÀ

A gbọ́dọ̀ sọ ìhà kejì. Àwọn áàpù tó wà níta pọ̀ lọ bí yanrìn, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni oníṣègùn ṣe. Òmíràn ń kó ọ̀rọ̀ àṣírí ènìyàn jọ láti tà á. Òmíràn kò ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa tí a lè pè. Bí bátìrì bá kú, tàbí tí iná kò sí fún ọjọ́ mẹ́ta, áàpù ti dákẹ́ nìyẹn. Òyìnbó sì ni àwọn méjèèjì tí a dárúkọ yìí ń sọ. Ọmọ tó ń fi Yorùbá sunkún lè má rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ lo ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí olùtọ́jú rẹ̀ mọ̀ sí i. Ẹ bi í pé: ta ló ṣe é? Ṣé nọ́ńbà àṣírí wà níbẹ̀? Ta ló ń rí ohun tí ọmọ bá kọ? Ta ni áàpù náà yóò ní kó pè bí ọ̀rọ̀ bá le? Ẹ má sì máa jí fóònù ọmọ ṣí láti ka ohun tó kọ. Bó bá mọ̀ pé ẹ ń kà á, kò ní kọ òótọ́ síbẹ̀ mọ́.

ÌWÉ ÈTÒ ÀÀBÒ

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tí kò ní fóònù ńlá tàbí owó dátà lè lo bébà àti bírò. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Barbara Stanley àti Gregory Brown, ló ṣe ètò ààbò tí gbogbo ayé ń lò báyìí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ áàpù ń tẹ̀ lé. Ní ọdún 2018 wọ́n gbé ìwádìí jáde lórí 1,640 ènìyàn tí wọ́n sáré gbé wá sí ọsibítù àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn kan gba ìtọ́jú bí ó ti máa ń rí. Àwọn yòókù ṣe ètò ààbò, wọ́n sì ń pè wọ́n lórí fóònù lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé. Láàárín oṣù mẹ́fà, nínú 100 àwọn tí kò ní ètò ààbò, bíi márùn-ún ló tún gbìyànjú tàbí múra láti gba ẹ̀mí ara wọn. Nínú àwọn tó ní in, bíi mẹ́ta ni. Ẹ wo bí bébà kan àti ìpè fóònù ṣe lè gba ẹ̀mí là!

Olùtọ́jú àti aláìsàn ló máa ń jọ kọ ọ́, ní èdè aláìsàn. Ìpele mẹ́fà ló ní:

1. Kí ni àmì tó ń fi hàn mí pé ìdààmú náà ń bọ̀? Bóyá àìlèsùn, bóyá kí n máa sá fún ènìyàn.

2. Kí ni mo lè dá ṣe láti gba ọkàn mi kúrò níbẹ̀? Bóyá kí n wẹ̀, kí n gbá ilẹ̀, kí n gbọ́ orin.

3. Ibo ni mo lè lọ, àwọn wo ni mo lè jókòó tì, kódà tí n kò bá sọ nǹkan kan fún wọn? Bóyá ìsọ̀ ìyá mi, bóyá ilé ọ̀rẹ́.

4. Ta ni mo lè sọ òótọ́ fún pé, "Ẹ gbà mí o, ó ti ń ṣe mí"? Kí orúkọ àti nọ́ńbà wọn wà níbẹ̀.

5. Dókítà wo, nọ́ọ̀sì wo, ọsibítù wo ni mo lè pè tàbí sáré lọ?

6. Báwo ni a ó ṣe mú ohun tó lè pani lára kúrò nítòsí mi?

Ìpele kẹfà yìí kan àwa ọlọ́jà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn kòkòrò àti oògùn òyìnbó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tì í pa. Ẹ má tà á fún ọmọdé. Ẹ má sì kó èyí tó ṣẹ́kù wálé. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa àwọn ìgò kéékèèké oògùn kòkòrò kan ní ọjà gbangba nítorí ọ̀rọ̀ báyìí. Ìgbì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, bó bá ru tí kò rí ohun tó léwu nítòsí, á rọlẹ̀, ẹ̀mí á sì wà.

NÍLẸ̀ TIWA ŃKỌ́?

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé kò sí ibi tí a lè lọ. Ọsibítù Arò wà ní Abẹ́òkúta, ti Yábà wà ní Èkó, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà ní UCH ní Ìbàdàn. Ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, àwọn dókítà dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SURPIN, fún ìwádìí àti ìdènà gbígba ẹ̀mí ara ẹni, wọ́n sì ní ìlà fóònù tí èèyàn lè pè. Bí ibi wọ̀nyí bá jìnnà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó wà nítòsí, wọn á kọ ìwé fún yín láti lọ síwájú.

Àwọn kan ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Ìbẹ̀rù náà kò ṣẹ̀yìn òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi lélẹ̀, tó ka irú nǹkan yìí sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 ní kí ilé-ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọsibítù ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí àìsàn ọpọlọ bá ń ṣe. Ẹ má torí ìbẹ̀rù fi ọmọ sílẹ̀ nílé láìsí ìtọ́jú.

Bí ẹ bá ṣàkíyèsí pé ọmọ ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ má nà án, ẹ má pariwo, ẹ má pe àwọn ará ilé jọ wá wò ó. Ẹ mú un jókòó, ẹ ní, "Ọmọ mi, mo rí i pé nǹkan ń dùn ọ́. Mi ò bínú. Sọ fún mi." Kí ẹ sì gbọ́. Ẹ lè bi í tààrà bóyá ó ti ń ro ikú. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un láti sọ̀rọ̀ ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Kò sí ìjà láàárín àdúrà àti dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dí ti èkejì lọ́wọ́.

Ọ̀RỌ̀ TÓ KAN ẸGBẸ́ WA

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ sọ láàárín ara wa. Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni ìdààmú ń bá. Gbèsè ń fi àgbàlagbà sí i. Ẹ rántí bí àwọn ayánilówó orí fóònù ti ń fi àwòrán ènìyàn ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù, títí ìjọba fi gbé ìlànà jáde lórí wọn ní ọdún 2022. Fóònù kan náà tó lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ ìtùnú lóru lè fi í ṣẹ̀sín lọ́sàn-án. Ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló wà.

Àwọn baba wa máa ń pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ owó àjọṣe, a ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi òwe yìí ṣe ìmọ̀ràn fún ara rẹ̀. Gbèsè ṣeé tún pín. Oníduùró ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ lè sún ọjọ́ síwájú. Ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù sílẹ̀ nìyẹn, pé kí ẹnìkan má dá gbé ẹrù tó wúwo jù ú lọ. Ẹni tí owó ẹgbẹ́ bá wọ̀ lọ́rùn, kó wá sí ọ́fíìsì kó tó di ọjọ́ ìpàdé, kó sọ fún wa ní ìkọ̀kọ̀. A kò ní ka orúkọ rẹ̀ sókè láàárín èrò. Àwa pẹ̀lú ń bẹ ẹ̀yin oníduùró: nígbà tí ẹ bá ń béèrè owó, ẹ wo ojú ẹni tí ẹ ń bi. Bó bá ti ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná, kí ẹ jókòó tì í.

Ohun tó wà nínú áàpù òyìnbó wọ̀nyí, tí a bá tú u palẹ̀, ohun mẹ́ta péré ni: kí èèyàn mọ bí ọkàn rẹ̀ ti rí lójoojúmọ́, kó ní ohun tó lè ṣe títí ìgbì á fi rọlẹ̀, kó sì ní ẹni tó lè pè. Àkọ́kọ́ àti èkejì, fóònù tàbí bébà lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta, ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ ni. Nígbà tí áàpù bá gbé nọ́ńbà jáde ní agogo méjì òru, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà ní ìdí ìpè náà. A bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa pé kí ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà nínú ìwé ẹnìkan, ó kéré tán, kí ẹ sì máa gbé e bó bá pè.